PÍPÍN ILÉ TÍ KÒ TÍ Ì JÀ

Àwọn baba wa a máa wí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí ẹni tí ó pín agbo tí ó wà ní ìrẹ́pọ̀ sí méjì, a máa ń kà á sí ọ̀tá agbo náà. Ǹjẹ́ ó ha lè tọ́ láti pín ilé tí kò tí ì jà? Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ àwọn tí ń sin oyin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá a ó rí ìdáhùn níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ náà, nígbà tí òtútù bá ti lọ, tí igi sì ń rúwé ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún, ìyá oyin lè yé ẹyin tí ó ju 1,000 lọ ní ọjọ́ kan. Láìpẹ́ àpótí a kún dẹ́nu. Nígbà náà ni àwọn oyin òṣìṣẹ́ a kọ́ yàrá gígùn tí ó rí bí ẹ̀pà, níbi tí wọn ó ti tọ́ ìyá tuntun. Nígbà tí wọ́n bá fi ìda bo ẹnu yàrá wọ̀nyí, ìyá àgbà a kó bí ìdajì ilé lẹ́yìn, a sì jáde lọ. Ọmọ ni ó ń fi ilé, afárá àti oúnjẹ sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jáde bẹ́ẹ̀ ni kì í la ìgbà òtútù àkọ́kọ́ já, nítorí pé wọn kò ní afárá, oúnjẹ tí wọ́n gbé sínú nìkan ni wọ́n mú lọ.

Ní ọdún 1851 ni Lorenzo Langstroth, oníwàásù kan ní Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá fi àlàfo tí oyin lè gbà kọjá sílẹ̀ yí férémù igi ká, wọn kì í dí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rọrùn láti gbé afárá jáde láìbà á jẹ́. Nítorí náà, kí oyin tó ṣí, olùtọ́jú a gbé férémù mélòó kan, pẹ̀lú ẹyin, ìdin, oyin jíjẹ àti àwọn oyin tí ó bò wọ́n, sínú àpótí kejì. Apá tí kò ní ìyá a mú ìdin kékeré, a fi oúnjẹ pàtàkì bọ́ ọ, a sì sọ ọ́ di ìyá.

Ẹnì kan lè wí pé èrè ara rẹ̀ ni olùtọ́jú ń wá. A kò jiyàn. Bí oyin bá ṣí, òun ni ó pàdánù. Ṣùgbọ́n pípín pàápàá ní iye tí ó ń náni, nítorí oyin tí agbo tí a pín yóò mú wá ní ọdún náà lè dín kù. Ó sì ní òfin. Bí ó bá yá jù, òtútù a pa àwọn ìdin tí kò rí ẹni bò wọ́n, kò sì ní sí akọ oyin tí yóò gun ìyá tuntun. Bí ó bá pẹ́ jù, agbo lè ṣí síbẹ̀. Bí a kò bá sì fi ẹyin tàbí ìdin kékeré fún apá tí kò ní ìyá, kò lè sọ ìkankan di ìyá, yóò sì run.

Níhìn-ín ni a rí ìdáhùn wa. Kí a tó dá ẹni tí ó pín ilé lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí apá kọ̀ọ̀kan mú lọ. Ọ̀gá tí ó di ọmọ iṣẹ́ mú títí yóò fi bínú lọ kò pa ìrẹ́pọ̀ mọ́. Ẹni tí ó sì ní kí ọmọ lọ dá dúró, tí kò fún un ní irúgbìn, kò pín ilé. Ó lé ọmọ jáde ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo kíláàsì yín: ta ni ó ti tó ẹni tí a lè fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́? Ẹ má ṣe dúró títí ilé yóò fi kún dẹ́nu, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó lọ lọ́wọ́ òfo.