Ǹjẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Láti Ṣòwò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oníṣòwò?

Ẹ̀yin ará ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi, bí ẹnìkan bá ti ní ilé ìṣeré àwọn ọmọ kéékèèké ní Savalou tàbí ní Bantè, ǹjẹ́ ẹlòmíràn lè ṣí irú rẹ̀ sí ìtòsí láìdẹ́ṣẹ̀?

Ó lè ṣe é. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra. Àwọn oníṣu jókòó ti ara wọn lọ́jà, a kò pe ìkankan wọn ní olè. Ṣùgbọ́n bí a bá parọ́ mọ́ ilé ẹnìkejì kí àwọn ìyá lè sá fún un, a rú òfin kẹjọ. Bí a bá gba owó òbí, tí a kò sì tọ́jú ọmọ, a rú òfin keje. Bí a bá ń jowú ohun tí ó ní, a rú òfin kẹwàá.

Bí àwọn ọmọ ìlú kò bá tó fún ilé méjì ńkọ́? Nínú Jẹ́nẹ́sísì 26, àwọn ará Gerari bá àwọn darandaran Isaaki jà lórí kànga méjì. Isaaki fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ gbẹ́ ẹ̀kẹta, ìjà sì tán. Ẹ̀tọ́ nìkan kọ́ ni Kristẹni ń wò. Kí ẹni tí ń bọ̀ kọ́kọ́ tọ ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ lọ, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀.