Ìwé Àfọwọ́kọ àti Òótọ́ Inú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, 'Yinni yinni kẹ́ni ó ṣèmíràn.' Àwọn oníṣòwò òde òní kò kóyán òwe yìí kéré. Bí ènìyàn bá ra bàtà tàbí aṣọ, ó lè bá páálí pélébé kan nínú àpò ọjà, tí a fi bírò kọ orúkọ rẹ̀ sí, tí a sì fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a fi ọwọ́ kọ máa ń wọ oníbàárà lọ́kàn ju èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ lọ. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni ohun náà gan-an tí ó ń wọ ni lọ́kàn? Ṣé ọwọ́ tí ó kọ ọ́ ni, àbí ọkàn tí ó rán ọwọ́ níṣẹ́?

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba ńlá wa ti ń pàrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹni tí a bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí òun, nítorí pé ẹ̀fà ni a ń ka mẹ́fà. Owó ẹyọ kò ní àmì ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára. Irú èyí tí wọ́n ń ná lọ́jà náà ni. Ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ni pé ẹnìkan jókòó, ó ro ti ẹnìkejì, ó sì ka mẹ́fà sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Aṣọ ni ó ń tà ní Gbági, ní Ìbàdàn, àwọn oníbàárà rẹ̀ a sì máa wá láti Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin láti ra ọjà láwìn. Èmi ni akọ̀wé rẹ̀. Ní ọdún 1982, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ó ní kí n kọ lẹ́tà sí àwọn méje tí owó kù lọ́wọ́ wọn. Bí ó ti ń ká aṣọ ni ó ń sọ ohun tí n ó kọ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n béèrè orúnkún tí ń dun ẹnìkan. Ó ní kí n kí ẹlòmíràn kú oríire ilé tuntun. Ṣùgbọ́n ìdí bọ́ọ̀lù ni ọkàn mi wà. Mo kọ ti àkọ́kọ́, mo sì dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Orúkọ àti iye owó nìkan ni mo ń pààrọ̀. Gbogbo wọn ni mo kọ ọ́ sí pé inú wa dùn láti gbọ́ pé àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, awakọ̀ tí ó gbé ìwé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ dá ọ̀kan padà. Gbogbo owó tí obìnrin náà jẹ wá ni ó wé sínú lẹ́tà náà, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́. Àrokò ni, bí mo ti wá mọ̀ nígbà tí mo dàgbà. Ìyá mi ní kí n ka ohun tí mo kọ sí etígbọ̀ọ́ òun. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ó figbe ta. Ọmọ obìnrin náà ti kú ní oṣù tí ó ṣáájú. Ìyá mi ti ní kí n bá a kẹ́dùn, kí n má sì mẹ́nu ba owó rárá. 'Ọ̀rọ̀ tèmi dà nínú ìwé yìí?' ni ohun tí ó bi mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú mi dání lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Òun kúnlẹ̀, èmi dọ̀bálẹ̀. Obìnrin náà gba ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ra aṣọ lọ́wọ́ wa mọ́ títí ìyá mi fi fi ọjà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní. Ọwọ́ ni mo fi kọ lẹ́tà yẹn; ẹ̀rọ kankan kò sún mọ́ ọn. Síbẹ̀, irọ́ ni, nítorí pé èmi tí mo kọ ọ́ kò ro ti obìnrin náà rárá. Ní ìdàkejì, àwọn lẹ́tà tí mo máa ń kọ gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti pè é, òótọ́ ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí oníbàárà tí kò mọ̀ pé ọmọ ni ó ń bá a kọ̀wé. A kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ní Amẹ́ríkà lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀rọ wọn ń di bírò gidi mú, tí ó sì ń kọ lẹ́tà ọpẹ́ fún oníṣòwò bí ẹni pé ènìyàn ni ó kọ ọ́. Ẹnìkan lè wí pé, bí inú oníbàárà bá ti dùn, kí ló tún kù? Èsì mi ni pé lẹ́tà tí a tẹ̀ kò purọ́: ó jẹ́wọ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tí ẹ̀rọ fi bírò kọ ni ó ń sọ pé, 'Mo jókòó nítorí rẹ,' nígbà tí ẹnikẹ́ni kò jókòó.

N kò sọ pé ó burú kí oníṣòwò retí èrè lẹ́yìn ọpẹ́. Òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ gbà á láyè, ìyá mi pàápàá sì fẹ́ gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí orúnkún ń dùn, ó sì mọ ẹni tí kò yẹ kí á bi léèrè owó. Oníṣòwò tí kò ní àyè láti ro ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó tẹ ìwé rẹ̀ ní títẹ̀; kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí yóò bá fi ọwọ́ kọ ọ́, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa ẹni tí ó ń kọ ọ́ sí. Bí kò bá mọ nǹkan kan, kí ó gbé bírò sílẹ̀.