Àgò Onílé

Ẹni tó bá lọ ra táìsì máa bá ọ̀pọ̀ ìbéèrè pàdé: èló ni páálí kan, páálí mélòó ló máa tó pálọ̀, ṣé èyí tó ń dán bíi dígí ni àbí èyí tó jọ pákó. Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu ẹni tó ń rà tàbí ẹni tó ń tà: ta ló máa rìn lórí ẹ̀? Lójú tiwa, ìyẹn gan-an ló yẹ kó ṣáájú. Òun náà ló sì yẹ kó ṣáájú nígbà tí èèyàn bá fẹ́ fi app tuntun sórí fóònù. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, a máa ṣàlàyé.

Iṣẹ́ wa ni kíkọ sọ́fítíwíà, Àkùngbá Àkókó la sì ń gbé. Ìlú olókùúta ni, ilé akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ níbẹ̀ nítorí yunifásítì. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ amọ̀ ló wà nínú ilé; àwọn obìnrin á fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ títí á fi dán. Ẹni tó rẹ́ ẹ ló ń gbá a, òun náà ló ń jókòó sórí ẹ̀. Ìtàn Ifẹ̀ pàápàá sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, tó jẹ́ obìnrin, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ìlú, àpáàdì ọ̀hún ṣì wà láwọn ibì kan dòní. Ó kéré tán, ẹsẹ̀ Lúwo náà wà lára ẹsẹ̀ tó rìn ín. Lóde òní, sìmẹ́ńtì dé, lẹ́dà dé, táìsì wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Onílé mọ̀ pé táìsì tó ń dán ló ń fa owó ilé sókè, ó rà á, ó tẹ́ ẹ, ó lọ sílé ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé korobá omi láti ìdí kànga gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò mọ ohun tó rà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ò tíì rí táìsì rí.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí màmá kó wá bá wa láti Ọ̀kà, àwa náà lọ sí Ìkàrẹ́ lọ wo táìsì. A da píọ̀ wọ́tà sórí mẹ́ta nínú wọn ní ṣọ́ọ̀bù, a bọ́ bàtà, a sì tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin tó ń tajà wò wá títí, ó ní, “Bọ̀dá, ṣé táìsì lẹ wá rà àbí ẹ wá wẹ̀?” Àwọn ará Jámánì ní òṣùwọ̀n kan fún ọ̀rọ̀ yìí, láti R9 dé R13; bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni táìsì ṣe ń di ẹsẹ̀ mú sí i. Bí ẹ bá rí i lára páálí, ẹ kà á. Bí ẹ ò bá rí i, omi ò ní parọ́ fún yín. Èyí tó ń dán ló wù wá jù, òun ló sì dínwó. Màmá ti lé ní 70 ọdún. Kì í ṣe òun ló máa sanwó, kò sí lọ́jà, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan; síbẹ̀, egungun ìdí ẹ̀ ló máa kán. La bá pè é lórí fóònù. Ó ní òun ò fẹ́ èyí tí òun á máa rí ojú ara òun nínú ẹ̀. Èyí tó hanra-hanra la gbé wálé.

Fóònù tá a fi pè é yẹn wá ńkọ́?

Nílé Yorùbá, àlejò kì í ṣàdédé wọlé. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Àgò onílé o!” Ẹni tó wà nínú ilé á dáhùn pé, “Àgò yà!” Ọmọdé pàápàá lè dáhùn, kò sì séwu, torí pé àgò yẹn ò kọjá pálọ̀. Àlejò ò ní tìtorí pé ọmọdé dá a lóhùn kó wá ṣí ilẹ̀kùn yàrá Bàbá. App náà ń kágò. Láti Android 6.0 tó jáde lọ́dún 2015, ó gbọ́dọ̀ bèèrè kó tó ka nọ́ńbà àwọn èèyàn tó wà nínú fóònù; kó tó dìgbà yẹn, bí ẹ bá ti lè gbà á sórí fóònù, ẹ ti fún un ní gbogbo ohun tó bèèrè nìyẹn. Àtúnṣe tó dáa ni. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń bi. Ká ní nọ́ńbà 400 ló wà nínú fóònù: ti màmá, ti dókítà, ti onílé, ti ẹni tá a pàdé lẹ́ẹ̀kan péré ní gáréèjì. Ìka kan tẹ “Allow”, ó sì ti bá 400 ilé dáhùn “àgò yà”.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Soko Lending, ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé wọn. Oníbàárà wọn kan ni kò rówó san lọ́jọ́ tó yẹ kó san án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sáwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù ẹ̀. Nígbà tí NITDA wádìí ẹ̀, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn wọ̀nyẹn ò sí nínú àdéhùn owó náà rárá, wọn ò sì fọwọ́ sí i kẹ́nikẹ́ni lo nọ́ńbà wọn. Ẹni tó yáwó gbọ́ àgò. Àwọn yòókù, ìtìjú ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹnì kan á ní, “Fóònù mi ni, owó mi ni mo fi rà á.” Òótọ́ ni. Owó onílé náà ló fi ra táìsì. Pé nǹkan jẹ́ tiwa ò sọ pé ẹsẹ̀ tó ń rìn lórí ẹ̀ di tiwa.

Àtakò kejì le ju ìyẹn lọ. Aago 11 òru lu, ara ọmọ ń gbóná, ilé ìwòsàn ń bèèrè owó, app kan sì máa fi ₦10,000 ránṣẹ́ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ṣé ẹni yẹn la máa ní kó jókòó ka àdéhùn tó gùn bí ojú irin? “Ẹ wádìí dáadáa kẹ́ ẹ tó yàn” rọrùn lẹ́nu ẹni tó láyè. Àwa ní odidi ọjọ́ mẹ́ta láti fi ro ọ̀rọ̀ táìsì. A ò lè dá ẹni tó tẹ “Allow” lóru yẹn lẹ́bi. Ẹni tó kọ́ ilé tó fi jẹ́ pé inú yàrá lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà kó tó dé pálọ̀ ló jẹ̀bi. Àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé owó lè kúrò nínú àkáǹtì kan bọ́ sínú òmíràn láìka nọ́ńbà ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ló jókòó tó kọ ìlà yẹn sínú app, ó sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Google ti ṣòfin pé láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, app tó ń yáni lówó ò gbọdọ̀ ka nọ́ńbà tàbí fọ́tò inú fóònù mọ́ lórí Play Store. Èyí tí ọ̀rẹ́ bá fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp ò gba ẹnubodè yẹn kọjá o.

Òfin Nàìjíríà náà ò dákẹ́. Abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 to ilé àti ọ̀rọ̀ orí fóònù pọ̀ sínú gbólóhùn kan, ó ní àṣírí méjèèjì jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Òfin ààbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 tún fún un lágbára. Ṣùgbọ́n òfin tuntun yìí yọ ohun tá a bá ń ṣe fún ara wa tàbí fún ilé wa nìkan sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí a ò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíì lójú. Ó bọ́gbọ́n mu, ta ló fẹ́ kí ìjọba wá máa yẹ fóònù ìyá ẹ̀ wò? Ibi tó wá kù sí ni pé nínú ilé, àwa fúnra wa la máa bi ara wa.

Ilé-iṣẹ́ iRobot ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe Roomba, ẹ̀rọ tó ń gbálẹ̀ fúnra ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, MIT Technology Review gbé e jáde pé àwòrán tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yà nínú ilé àwọn èèyàn lọ́dún 2020 ti dórí Facebook. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jókòó sórí àga ilé ìyàgbẹ́. Ọmọdékùnrin kan nà gbalaja sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ ìdánwò ni, pé wọn ò tà á fún aráàlú, àti pé àwọn tó gbà á ti fọwọ́ síwèé. A gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó nà sílẹ̀ yẹn ńkọ́, ìwé wo ló fọwọ́ sí?

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa bí ẹ ṣe rò. Olè ti wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá onílé ra kámẹ́rà, ó ní ká wá bá òun so ó mọ́ fóònù òun, ọ̀kan lẹ́nu géètì, ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń gbà jáde látilé ìwẹ̀. A ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ yìí jọ.” Wọ́n ní, “Ilé mi ni.” A ní a mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Wọ́n pè wọ́n ṣá. Èyí tí wọ́n jí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ní kí wọ́n fi kámẹ́rà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin fárí, wọ́n ní àwọn máa kó jáde. Wọ́n fi ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gba ti géètì. Àfìgbà tá a so ó tán tá a wá rí i pé kámẹ́rà géètì ń rí ìdí kànga, níbi tí wọ́n ti ń fa omi ní ìdájí tàwọn ti ìró láyà. Bàbá ní kí wọ́n máa wọṣọ dáadáa kí wọ́n tó wá fa omi. Ìpàdé kejì di Sátidé.