Ìlera, Àmánà Ọlọ́hun Lọ́wọ́ Wa

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá wa, tí ó fún wa ní ojú, etí àti ọwọ́ láìgba owó lọ́wọ́ wa. Ìkẹ́ Ọlọ́hun àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ ní oṣù yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ ìlera ni. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìlera loògùn ọrọ̀, ṣùgbọ́n àwa ọ̀dọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka òwe náà sí, nítorí pé agbára ṣì ń bẹ lára wa. À ń sáré, à ń gbé ẹrù, à ń ṣe àìsùn, a sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí. Ànábì wa ti kìlọ̀, nínú hàdíìsì tí Ibn Abbas gbà wá tí Bukhari sì kọ sílẹ̀, pé ìdẹ̀ra méjì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pàdánù nínú wọn: àlàáfíà ara àti àkókò tí ọwọ́ dilẹ̀. Ta ni ìdẹ̀ra méjèèjì yìí pọ̀ sí lọ́wọ́ tó àwa ọ̀dọ́? Àwa náà sì ni a ń ná wọn bí ẹni tí owó rẹ̀ kò lè tán.

Ohun tí a fẹ́ kí ó yé wa kò ju ẹyọ kan lọ. Ara yìí kì í ṣe tiwa, àmánà ni. Iṣẹ́ méjì ni ó wà lọ́rùn ẹni tí a fi àmánà sí lọ́wọ́. Èkíní, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó bàjẹ́. Èkejì, bí ó bá fẹ́ bàjẹ́, kí ó tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

ǸJẸ́ ÌDÈNÀ ÀÌSÀN KÒ LÒDÌ SÍ KÁDÀRÁ?

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé: "Ohun tí Ọlọ́hun bá ti kọ ni yóò ṣẹlẹ̀, kí ni à ń fọ ọwọ́ fún? Kí ni à ń ta àwọ̀n ẹ̀fọn fún?" Òótọ́ ni pé ìgbàgbọ́ nínú kádàrá jẹ́ òpó kan nínú ìgbàgbọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àwọn tí wọ́n gba ẹ̀sìn náà láti ẹnu Ànábì ṣe.

Ní nǹkan bí ọdún 639, ní ayé Kálífà Umar ọmọ Khattab, àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáámù. Umar ti wà lójú ọ̀nà, ó ń bọ̀ níbẹ̀, kí ó tó gbọ́ ìròyìn náà ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Sargh. Ó pe àwọn àgbà sàábé jọ, ó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wọn, ó sì pinnu láti padà. Abu Ubaydah bi í léèrè bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Umar dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, láti inú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó fi darandaran kan ṣe àpẹẹrẹ: bí ó bá dé àfonífojì tí apá kan tutù yọ̀yọ̀, tí apá kejì gbẹ táútáú, ibi yòówù kí ó da ẹran rẹ̀ sí, kádàrá Ọlọ́hun náà ni. Nígbà tí Abdur-Rahman ọmọ Awf dé, ó sọ fún wọn pé òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé kí ènìyàn má wọ ìlú tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ti ń jà, kí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ má sì sá jáde. Umar dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ó sì padà.

Ẹ̀yin ará wa, bí Umar kò bá ka ìdènà sí àìnígbàgbọ́, ta ni àwa tí a ó kà á sí bẹ́ẹ̀?

ÌDÈNÀ TÍ SUNNAH FI KỌ́ WA

Ẹnu ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ànábì wa sọ pé bí kì í bá ṣe pé yóò ni ìjọ òun lára ni, òun ì bá pa á láṣẹ fún wọn kí wọ́n máa run orín nígbà ìrun kọ̀ọ̀kan. Nílé wa níbí, orín ata kò ṣọ̀wọ́n lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Kí á máa rẹ orí rẹ̀ jẹ títí yóò fi rọ̀, kí á fi í fọ inú àti ẹ̀yìn eyín jẹ́jẹ́, kí á má fi í gún ẹran ìdí eyín, kí á sì gé orí tí ó ti gbó dànù. Ẹni tí ìdí eyín rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, kí ó lọ rí oníṣègùn eyín.

Lẹ́yìn ẹnu, ó kan ọwọ́. Ànábì ní kí ẹni tí ó bá jí lójú oorun má ti ọwọ́ bọ inú igbá omi kí ó tó fọ̀ ọ́, nítorí pé kò mọ ibi tí ọwọ́ náà sùn sí. Àlùwàlá ń fọ ọwọ́ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ilé ìyàgbẹ́ bọ̀, tàbí tí ó fẹ́ wọ ilé ìdáná, kí ó fi ọṣẹ sí i. Ìgbẹ́ gbuuru àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ọwọ́, omi àti oúnjẹ tí kò mọ́ ni wọ́n ń bá wọlé.

Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ tí a kò bò. Ànábì pa á láṣẹ pé kí á máa bo àwo wa, kí á sì máa di ẹnu ìgò omi wa ní alẹ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá tó lónìí! Ibà Lásà, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa, eku ni ó ń gbé e kiri. Bí eku bá tọ̀ tàbí tí ó yàgbẹ́ sínú gààrí, ìrẹsì tàbí èlùbọ́ wa, àrùn dé nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí ó ti ń jà jùlọ, nítorí náà kì í ṣe àrùn ọ̀nà jíjìn. Kí á ra ike tí ó ní ìdérí, kí á má sá gààrí sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí á má sì jẹ́ kí ilẹ̀ tí a gbá sùn sínú ilé. Ohun tí Sunnah ti sọ láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn dókítà ń tún sọ fún wa.

Ẹ̀kẹrin ni omi tí ó dúró sójú kan. A kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú rẹ̀, a sì kọ̀ fún wa láti yàgbẹ́ sójú ọ̀nà, sábẹ́ ibòji àti sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi. Inú omi tí ó dúró náà ni ẹ̀fọn ń yé sí. Kí á da omi inú táyà àti agolo àgbàlá wa nù, kí á sì máa sùn lábẹ́ àwọ̀n, pàápàá àwọn aboyún àti àwọn ọmọdé.

Ẹ̀karùn-ún ni ikùn, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Nínú Súúrà Al-A'raf, ẹsẹ 31, Ọlọ́hun gbà wá láyè kí á jẹ kí á mu, ṣùgbọ́n ó kọ àṣejù. Ànábì sì pín ikùn sí mẹ́ta fún ẹni tí kò bá lè ṣe kí ó má jẹ púpọ̀: ìdá kan fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí. Ẹ wá wo ìṣínu wa nínú oṣù Rámádánì! Ẹni tí ó gba ààwẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ a wá fi àkàrà, ògì oníṣúgà, iyán àti ẹran san gbèsè ọjọ́ náà fún ikùn ní wákàtí kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ju gíráàmù 5 lọ, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan, iyọ̀ inú magí sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Kí á máa wọn ẹ̀jẹ̀ wa ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, bí a tilẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́. Bí nọ́ńbà òkè bá dé 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ dé 90, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí á lọ rí dókítà.

ÌTỌ́JÚ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ILÉ

Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Súúrà An-Nahl, ẹsẹ 69, pé ìwòsàn wà fún àwọn ènìyàn nínú ohun tí ń jáde láti ikùn oyin. Ṣíbí oyin kan ń dẹ ọ̀fun lára nígbà ikọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ tọ́ oyin wò, nítorí oríṣi kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn ọmọ-ọwọ́ kò lè ká. Kí ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà sì mọ̀ pé ṣúgà ni oyin náà jẹ́ sí òun.

Fún ìgbẹ́ gbuuru, kí á má gbọ́ ti àwọn tí wọ́n ní kí á má fún ọmọ lómi. Àìsí omi lára gan-an ni ó ń pa ọmọ. Bí a kò bá rí èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá ní ilé ìwòsàn, kí á wá omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn ìgò 50cl méjì. Kí á bu ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i, kí á gé orí ṣíbí náà dọ́gba, kí á sì pò ó pọ̀. Kí á máa fún ọmọ náà ní díẹ̀díẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má sì dá ọmú dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tàbí tí kò lè mu mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí tí gbogbo ènìyàn ń wá oògùn rẹ̀ kiri, omi púpọ̀, ẹ̀fọ́, ewúro, ìbẹ́pẹ àti ọsàn ni kí á kọ́kọ́ fi ṣe é, kí á má sì máa jókòó pẹ́ sí ilé ìyàgbẹ́. Ẹni tí ó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ léraléra, kí ó jẹ́ kí dókítà wò ó.

IBI TÍ EWÉ DÉ DÚRÓ

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ni ó ń mu páràgà ní ibùdókọ̀ nítorí pé wọ́n ní oògùn ni. Ewé àti egbò tí a rẹ sínú ọtí, ọtí ni! Nígbà tí sàábé kan sọ fún Ànábì pé nítorí oògùn ni òun ṣe ń ṣe ọtí, Ànábì sọ fún un pé àrùn ni, kì í ṣe oògùn.

Àwọn mìíràn kò mu ọtí, ṣùgbọ́n habbatu sauda tí wọ́n rà lẹ́nu géètì mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ohun gbogbo, wọ́n sì ti pa oògùn tí dókítà fún wọn tì. Hàdíìsì lórí èso yìí fìdí múlẹ̀, a gbà á, a sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n Ànábì tí ó sọ ọ́ náà ni ó ní kí á máa wá ìtọ́jú, pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Sa'd ọmọ Abu Waqqas ń ṣàìsàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé Abu Dawud, Ànábì ní kí ó lọ bá Harith ọmọ Kalada, oníṣègùn, kí ó bá a gún dàbínù Mẹ̀dínà méje. Ta ni kò lè gún dàbínù nínú ilé? Síbẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni Ànábì fi í sí. Ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ náà, òun ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́.

Kò sí ẹni tí ó sọ pé ewé kò ní agbára. Oògùn ibà tí a ń lò lónìí, láti ara ewé ni ó ti wá. Obìnrin kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, Tu Youyou, ka ìwé ìṣègùn àtijọ́ tí ó ti lé ní 1,600 ọdún. Ó rí i níbẹ̀ pé omi tútù ni wọ́n fi ń rẹ ewé kan báyìí, wọn kì í sè é. Ó yé e pé iná ń ba agbára ewé náà jẹ́, ó sì wá ọ̀nà mìíràn láti fa oje rẹ̀ ní ọdún 1971 sí 1972. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Ewé kan náà ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àti òṣùwọ̀n ni ó sọ ọ́ di oògùn. Àgbo tí a ń bu mu ní ife ńlá láìmọ ìwọ̀n rẹ̀, tí a tún pò mọ́ oògùn òyìnbó, lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ó sì lè pa oyún lára.

Nítorí náà, bí ibà bá mú wa, kí á ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ orí ìka, tí èsì rẹ̀ kì í pẹ́ jáde. Bí ó bá jẹ́ ibà, kí á lo oògùn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pérépéré, kí á má dá a dúró nítorí pé ara ti fúyẹ́. Ọmọ tí gìrì mú, ilé ìwòsàn ni kí á gbé e sáré lọ. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn kan ń rọ sí ọmọ lẹ́nu ń pa ọmọ ni, kì í wò ó sàn.

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, àwọn àgbà ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ṣe kí oṣù yìí tó parí. Kí ẹ gbé ọṣẹ sí ibi àlùwàlá mọ́sálásí yín. Kí ẹ gbá gọ́tà àyíká rẹ̀. Kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì kan wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kí ó wá wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí wa àti tiwa. Ẹni tí ó bá mú ìnira kúrò lọ́rùn Mùsùlùmí kan, ẹ̀san rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn tí kò ní fi àìsàn kankan sílẹ̀. Kí ó jẹ́ kí á lo ìlera wa fún ìjọsìn Rẹ̀ kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ wa, kí ó má sì jẹ́ kí á jẹ́ ẹni tí ó jẹ àmánà. Àmín.