Ẹni Tí Ó Di Èdìdì Ilé Ẹjọ́ Mú



Nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdájọ́, adájọ́ ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Àwa tí a ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àti àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀bá Marina, a mọ orúkọ àwọn adájọ́ ńlá tí ó ti ìlú wa jáde, a sì máa ń tọ́ka sí wọn fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó ń gba ìwé ìpẹ̀jọ́, tí ó ń lu èdìdì sí i, tí ó ń pa fáìlì mọ́, tí ó ń ránṣẹ́ pe ẹlẹ́rìí, tí ó sì ń rí i pé ẹni tí a tì mọ́lé dé iwájú adájọ́ ní ọjọ́ tí ó yẹ? Òun kì í dá ẹjọ́. A kì í yìn ín nígbà tí ẹjọ́ bá tọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bú u nígbà tí ó bá wọ́. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí nìyí: ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìpín nínú òdodo àti àìṣòdodo ilé ẹjọ́ tí ó ń sìn? Tàbí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nígbà gbogbo, nítorí pé iṣẹ́ ìwé lásán ni iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wá ìdáhùn lọ sí àwọn ilé ẹjọ́ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti hàn gbangba jùlọ. Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tí ó wà ní ìlú Hague, ní ilẹ̀ Holland, ní adájọ́ 15. Ọmọ Èkó kan, olóògbé Taslim Ọláwálé Elias, tí a bí ní ìlú wa yìí ní ọdún 1914, ni ó jẹ́ Ààrẹ rẹ̀ láti ọdún 1982 títí di ọdún 1985. Ó kú ní ọdún 1991. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ààrẹ àti àwọn adájọ́, oyè mìíràn wà níbẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Registrar, èyí tí àwa lè pè ní Akọ̀wé Àgbà. Àwọn adájọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń yàn án, fún ọdún 7. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé tí ń wọlé àti ìwé tí ń jáde ń gbà kọjá. Òun ni ó ń kọ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ó ti ń dé. Òun ni ó di èdìdì mú. Òun ni ó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́, tí ó sì ń ṣe alábòójútó àwọn òṣìṣẹ́. Kí ó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú àwọn adájọ́ pé òun yóò ṣe é tòótọ́-tòótọ́, pẹ̀lú ìpamọ́ àṣírí àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Ẹ kíyè sí èyí. Ènìyàn kì í gba ẹ̀jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Àwa ará Èkó kò ní láti rìn jìnnà kí a tó mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, nínú rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́, a dáná sun Ilé Ẹjọ́ Gíga tí ó wà ní Ìgbòṣeré, ní erékùṣù wa yìí. Òfin kò jóná ní ọjọ́ náà, ìmọ̀ àwọn adájọ́ kò sì jóná. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fáìlì jóná. Ẹ ro ti opó tí ẹ̀rí rẹ̀ lórí ilé ọkọ rẹ̀ wà nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ẹ ro ti ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé, tí ìwé kan ṣoṣo tí ó lè sọ ìdí tí ó fi wà níbẹ̀ ti di eérú. Adájọ́ wà láàyè, òfin wà ní ipò rẹ̀, síbẹ̀ ìdájọ́ kò lè rìn, nítorí pé ìwé ni ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn. Bí iná bá lè gé ẹsẹ̀ ìdájọ́ ní ọjọ́ kan, àìbìkítà akọ̀wé lè gé e díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún láìsí ẹni tí yóò rí èéfín.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1994, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ láti ṣe ẹjọ́ àwọn tí ó ṣe olórí ìpẹ̀yàrun ní ilẹ̀ Rùwáńdà, níbi tí a ti pa nǹkan bí 800,000 ènìyàn láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́. Ìlú Arusha ní ilẹ̀ Tànsáníà ni a fi ilé ẹjọ́ náà sí. Kò sí ilé ẹjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 1997, àwọn olùṣàyẹ̀wò Àjọ náà gbé ìwé ìròyìn kan jáde tí ó ba ènìyàn nínú jẹ́. Wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni jí owó. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ pé kò sí ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ àbójútó ilé ẹjọ́ náà tí ó ń lọ bí ó ti yẹ: ìṣirò owó kò gún, ètò ìgbaniṣíṣẹ́ kò tẹ̀lé òfin, Akọ̀wé Àgbà sì fi agbára owó lé àwọn ẹ̀ka yòókù lórí. Akọ̀wé Àgbà ìgbà náà, Andronico Adede, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, fi ipò sílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà wa, Agwu Ukiwe Okali, ni a fi rọ́pò rẹ̀ ní ọdún náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 2001, nígbà tí Adama Dieng, ọmọ ilẹ̀ Senegal, gba iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà nínú ìròyìn yìí, ó sì le. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá fẹ́ yin òṣìṣẹ́ kan, a máa ń sọ pé, «Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò jalè.» Ìyìn rere ni. Ṣùgbọ́n ní Arusha, a kò rí olè mú, síbẹ̀ iṣẹ́ bàjẹ́. Ìríjú tí kò jí nǹkan ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ kí ó jẹrà nínú àká, ohun kan náà ni ọ̀gá náà yóò bá nílẹ̀ nígbà tí ó bá dé.

Ẹ̀kọ́ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Jean-Bosco Barayagwiza wà lára àwọn tí ó dá ilé iṣẹ́ rédíò RTLM sílẹ̀, rédíò tí ó ru àwọn ènìyàn sókè sí ìpànìyàn. A mú un ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ní oṣù kẹrin ọdún 1996. Ó pẹ́ ní àtìmọ́lé. Ní ọdún 1997 ó kọ̀wé pé kí a gbé òun wá síwájú adájọ́, kí a sì sọ ìdí tí a fi dè òun. A kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Ó di oṣù kejì ọdún 1998 kí ó tó fojú kan adájọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Nítorí ìdádúró yìí, ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1999, àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pàṣẹ pé kí a dá ẹjọ́ náà nù, kí a sì tú u sílẹ̀. Ìbànújẹ́ àwọn tí ó yè bọ́ ní Rùwáńdà kò ṣeé sọ. Ìjọba wọn dá àjọṣe pẹ̀lú ilé ẹjọ́ náà dúró. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2000, lẹ́yìn tí ẹ̀rí tuntun jáde, àwọn adájọ́ yí àṣẹ náà padà, wọ́n sì ní kí ẹjọ́ máa lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní a ti ṣẹ̀ ẹ́, a ó sì san án fún un. Ní oṣù kejìlá ọdún 2003, nígbà tí a dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ọdún 35 ni a fún un dípò ẹ̀wọ̀n gbére, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí a ti fi dù ú. Ní ọdún 2007 ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọdún 32.

Ẹ̀bi ìdádúró náà kì í ṣe ti ẹnìkan. Àwọn adájọ́ kọ́kọ́ di èyí tí ó pọ̀ jù ru ọ́fíìsì Olùpẹ̀jọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ilẹ̀ Kamẹrúùnù ní ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀daràn ńlá di òmìnira: kì í ṣe àdàkàdekè lọ́yà, kì í ṣe ẹ̀rí èké. Ìwé tí kò rìn ni.

Ẹnìkan lè bi wá pé: «Ta ni yóò sáré gbé ìwé apànìyàn? Ǹjẹ́ kì í ṣe ohun rere ni pé kí akọ̀wé tí ó ní àánú lójú ti ìwé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí?» Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a pa ni ó ń béèrè. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá ti ń yan ìwé tí yóò dé iwájú adájọ́ àti èyí tí kò ní dé, ó ti dá ẹjọ́ ná, ó sì dá a láìgbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó wá pe ẹni tí kò gbọ́ ti ẹnìkan rárá? Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó fi ìwé apànìyàn pamọ́ lónìí nítorí ìkórìíra ìwà búburú, yóò fi ti aláìṣẹ̀ pamọ́ lọ́la nítorí pé kò fẹ́ràn ojú rẹ̀, tàbí nítorí pé ẹnìkan ti fi nǹkan sí i lọ́wọ́.

A kò sọ pé kí àánú kúrò nínú iṣẹ́ náà. Àánú ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, ilé ẹjọ́ Arusha dá Jean-Paul Akayesu, olórí ìlú Taba, lẹ́bi. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ àgbáyé ṣe ẹjọ́ rẹ̀ tán tí ó sì dá a lẹ́bi ìpẹ̀yàrun, a sì kà á sí ara ìpẹ̀yàrun náà pé a fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀. Àwọn obìnrin Taba wá jẹ́rìí; a kò pe orúkọ wọn ní gbangba, lẹ́tà ni a fi pè wọ́n, kí ẹ̀mí wọn má baà wà nínú ewu. Abẹ́ Akọ̀wé Àgbà ni àwọn tí ń tọ́jú ẹlẹ́rìí wà. Ní ọdún 2000, nígbà Okali, ilé ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ètò ìrànlọ́wọ́ fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ní Taba. Ṣùgbọ́n abẹ́ Akọ̀wé Àgbà kan náà ni a ti ń yan lọ́yà fún olùjẹ́jọ́ tí kò lówó, tí a sì ń san owó lọ́yà náà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ń wá ibùsùn fún opó, tí ó sì ń wá agbẹjọ́rò fún ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn pé ó sọ ọ́ di opó. Ó ṣòro fún ọkàn ènìyàn láti gba èyí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ náà bá ṣe ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀, ẹ̀rí opó náà kò ní níyì lójú ayé, nítorí a ó sọ pé ẹ̀san ni a gbà, a kò dá ẹjọ́.

Bí ìwé bá sì rìn dáradára, èrè rẹ̀ lè pẹ́ kí ó tó hàn. Àwọn oníṣòwò wa tí ń ná ọjà Ìdúmọ̀tà mọ ohun tí títi ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ ń ṣe. Ní ọdún 2003, lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti ẹnu ibodè rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, oníṣòwò kan, Ọlájídé Afọlábí, pe ìjọba lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ ECOWAS tí ó wà ní Àbújá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2004, ilé ẹjọ́ dá a lóhùn pé òfin kò ì tíì gba ẹnìkan láàyè láti pẹjọ́ fúnra rẹ̀. Ó lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n a ti kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, a ti gbọ́ ọ, gbogbo ayé sì rí ibi tí òfin ti kù díẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, àwọn orílẹ̀-èdè náà tún òfin ṣe, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ilẹ̀kùn náà ni Hadijatou Mani gbà wọlé, obìnrin ilẹ̀ Niger tí a tà lẹ́rú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 12. Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ náà gbéra láti Àbújá, ó sì jókòó ní Niamey, ní ilẹ̀ obìnrin náà, láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún náà, a dá ẹjọ́ fún un, a sì ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 10 owó sẹ́fà fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ìdáhùn wa sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí. Ẹni tí ó di èdìdì mú ní ìpín nínú ìdájọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ̀rọ̀ kan lórí ìjókòó. Ìdẹwò méjì ni ó ń dojú kọ ọ́. Èkíní ni pé kí ó ka ara rẹ̀ sí ohun kékeré, kí ó sì máa wí pé, «Ìwé lásán ni mo ń kọ.» Èkejì ni pé kí ó ka ara rẹ̀ sí ọ̀gá gbogbo wọn, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Láàárín méjèèjì ni ojúṣe wà.

Púpọ̀ nínú wa kò ní rí Hague tàbí Arusha láé. Ṣùgbọ́n láti Marina dé Bróòdù Sítírììtì, nínú báǹkì, nínú ọ́fíìsì ìjọba àti ti àwọn lọ́yà, èdìdì kan wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Ọ̀kan ń pa ìwé owó ìfẹ̀yìntì mọ́. Ọ̀kan ń pa ìwé ilẹ̀. Òmíràn ni ó mọ ibi tí fáìlì tí a ní ó ti sọnù wà. Kí olúkúlùkù wa padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la, Ọjọ́ Ajé, kí ó ṣí àpótí tábìlì rẹ̀, kí ó wo ìwé tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè: ti ta ni èyí, láti ìgbà wo ni ó ti wà níbí, kí sì ni ìdí rẹ̀? Bí kò bá sí ìdí kan tí a lè sọ níwájú ẹni tí ó ni ìwé náà, kí a dìde, kí a sì gbé e lọ.