Ẹni Tí A Bá Pàdé Lójú Omi



Ilé-Ogbó wa yìí jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń bẹ tí àwọn atukọ̀ ń bá pàdé lójoojúmọ́, tí ó sì kan àwa tí ń rin ọ̀nà Ìwó: gbèsè wo ni ènìyàn jẹ ẹni tí ó bá pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó ṣeé ṣe kí ó má rí mọ́ láéláé?

Ẹ wo àwọn erékùṣù Kàríbéánì ní òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ nígbà òwò ẹrú. Lónìí, àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń fi ọkọ̀ ìgbòkun kékeré rin ìrìn àjò níbẹ̀, láti Martinique dé Saint Lucia, láti Saint Vincent dé Grenada. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn ni ó ń gbé wọn lọ. Tọkọtaya kan péré lè máa gbé inú ọkọ̀ kan. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí èbúté ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, ẹni tí wọn kò mọ̀ rí a kí wọn láti inú ọkọ̀ mìíràn, a júwe ibi tí àpáta wà lábẹ́ omi fún wọn, a yá wọn ní irinṣẹ́. Wọn a jọ jẹun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, oníkálukú a ta ìgbòkun rẹ̀, ó di gbére.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn wọ̀nyí sàn jù wá lọ. Òkun ni ó kọ́ wọn. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kọkànlá ni ìgbà ìjì ńlá lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2024, ìjì Beryl kọlu Carriacou, erékùṣù kékeré kan tí ó jẹ́ ti Grenada, ó sì ba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ibẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ń gbé lójú irú omi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tí kò lè rì, bí ó ti wù kí ẹni tí ó ni ín lówó tó. Lórí ilẹ̀, ògiri ilé wa kì í jẹ́ kí a rí i pé bákan náà ni àwa náà rí.

Oore wa nílùú sábà máa ń dà bí owó tí a yá ènìyàn. A ń rántí ẹni tí ó wá síbi ìsìnkú bàbá wa àti ẹni tí kò wá, a ó sì san án fún oníkálukú bí ó ti yẹ. Kò burú, bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò ṣe ń dúró. Ṣùgbọ́n ẹni ojú ọ̀nà kò ní ọjọ́ tí yóò san tiwa padà. Àwọn àgbà wí pé oore kì í gbé. Wọn kò wí pé ẹni tí a ṣe é fún ni yóò san án. Níhìn-ín ni a ti ń mọ̀ bóyá ènìyàn ni a fẹ́ràn, tàbí èrè.

Ẹ ó wí pé: “Ayé ti yí padà. Àwọn ajínigbé ń bẹ lójú ọ̀nà.” Òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí a fi ṣeré. Àwọn ajalèlókun ń bẹ lójú omi pẹ̀lú. Síbẹ̀, òfin òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ sí ní ọdún 1982 pàṣẹ pé kí ọ̀gá ọkọ̀ ran ẹnikẹ́ni tí ó wà nínú ewu ikú lójú òkun lọ́wọ́, níwọ̀n bí kò bá ti fi ọkọ̀ tirẹ̀ àti àwọn èrò rẹ̀ sínú ewu ńlá. Ẹ kíyè sí i: òfin náà fi àyè gba ìṣọ́ra, kò fi àyè gba àìbìkítà. Atukọ̀ tí kò lè súnmọ́ tòsí a fi rédíò ké sí ẹni tí ó lè dé ibẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti dúró níbi jàǹbá ọkọ̀ lè pe àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní nọ́ńbà 122, tàbí kí ó sọ fún àwọn ará abúlé tí ó wà níwájú. Ìbẹ̀rù lè má jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ pa wá lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ fọ́ ní erékùṣù Malta, ènìyàn 276 ni ó jáde nínú omi, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì wà láàárín wọn. Òjò ń rọ̀, òtútù sì mú. Àwọn ará erékùṣù náà dá iná fún gbogbo wọn. A kò kà á pé wọ́n kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn àlejò náà bá ọ̀nà tiwọn lọ.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá pàdé ẹni tí ẹ kò mọ̀ lójú ọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí ó sì wà nínú wàhálà, ẹ rántí iná yẹn. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti ṣọ́ra, àti ọkàn tí kì í kọjá lọ láìbìkítà.