Ìwé Kan Lọ́dún Kan

Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ akẹ́rù bá dín díẹ̀ ní Zone industrielle ti Yopougon, Àlàájì máa ń gbé àga jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Ọmọ Èjìgbò ni, bíi ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n ń pè ní Ànàgó ní Abidjan. Làmídì, ọmọ àbúrò rẹ̀, jẹ́ olórí ikọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ kòkó nítòsí ibẹ̀. Òun ló máa ń jáde sẹ́nu géètì láàárọ̀ láti kọ orúkọ àwọn alágbàṣe tó máa wọlé lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé, òórùn kòkó yíyan ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀, ìwé kan sì wà lábíyá rẹ̀ tí wọ́n ti fi sẹ̀lótéèpù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Bẹ́líìtì ni mo wá rà, ọ̀rọ̀ ni mo gbé lọ.

ÀLÀÁJÌ: Jókòó. Ọmọ tó ti Èjìgbò dé yẹn ní òun ti dúró lẹ́nu géètì yín lẹ́ẹ̀mẹta, pé o rí òun, o ò mú òun.

LÀMÍDÌ: Mo rí i, Bàbá. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ dé ni mo mú.

ÀLÀÁJÌ: Àwọn wo?

LÀMÍDÌ: Ará Burkina méjì, ará Màlí kan, ọmọ Baoulé kan. Aago mẹ́rin ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Aago mẹ́fà ti lù kí tiwa tó dé.

ÀLÀÁJÌ: Ta ló mú ìwọ wọ ilé-iṣẹ́ yẹn?

LÀMÍDÌ: Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ bá olórí ikọ̀ ìgbà yẹn sọ̀rọ̀.

ÀLÀÁJÌ: Ó dáa. Ìwé wo ni tọdún yìí?

(Gbogbo wa la mọ àṣà Làmídì. Ìwé kan lọ́dún kan: kì í ṣe ìwé ìtàn àròsọ, àwọn tó ń ta ìwé nílẹ̀ ní Adjamé ló sì ti ń rà á. Kò ní í fọwọ́ kan òmíràn títí ọdún á fi yí.)

LÀMÍDÌ: Ti Fanon ni, Les damnés de la terre. Ọdún 1961 ló jáde, ọdún yẹn náà ló kú. Ọ̀rọ̀ ìlú yìí wà nínú rẹ̀, Bàbá. Ó sọ bí wọ́n ṣe dìde níhìn-ín sí àwọn ará Dahomey àti ará Haute-Volta.

ÀLÀÁJÌ: O fi owó ra ìyẹn? Èmi ì bá sọ ọ́ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 1958 ni wọ́n lé àwọn ará Dahomey àti Togo kúrò ní Abidjan. Tiwa náà dé ní Gáná. Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ní Kumasi. Ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi tó bá wa dé Èjìgbò, orí rẹ̀ nìkan ló dé. A ti ta ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà ká lè jẹun. Ta ló gbà wá sílé? Ìbátan. Ta ló mú bàbá mi wá sí Abidjan lẹ́yìn náà? Ìbátan. Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè aago tó dé.

LÀMÍDÌ: Ẹ má bínú, Bàbá. Àwọn tó lé yín ní Kumasi ńkọ́? Ṣé kì í ṣe èèyàn tiwọn ni wọ́n ń wá àyè fún?

ÀLÀÁJÌ: Rọra. Ìjọba ni Busia. Ẹni tó lè lé èèyàn nílùú àti ẹni tó ń wá ẹnu ọ̀nà tó máa gbà wọlé, ọ̀kan ni wọ́n? Àlejò ni wá níbí.

LÀMÍDÌ: Lẹ́nu géètì yẹn láàárọ̀, èmi kì í ṣe àlejò. Ọwọ́ mi ni bírò wà. Ẹni tí mi ò bá kọ orúkọ rẹ̀, ó lè máà jẹun lọ́jọ́ náà.

ÀLÀÁJÌ: Ọdún tí o ka ìwé Johnson lórí ìtàn Yorùbá, ìwọ lo jókòó síbí tó o ní kí Yorùbá mọ ara wọn. Ìwé tuntun ti wá lé ti àtijọ́ jáde?

LÀMÍDÌ: Johnson gan-an ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Ogun Kírìjì, ọdún mẹ́rìndínlógún, Ìbàdàn pẹ̀lú Èkìtìparapọ̀. Ta ni ìbátan níbẹ̀? Bẹ́ ẹ bá ní "tiwa", ibo ló mọ? Ṣé agbo ilé wa ni, àbí Èjìgbò, àbí gbogbo Yorùbá?

ÀLÀÁJÌ: Dúró níbẹ̀. Báwo ni ìwé Johnson ṣe dé ọwọ́ rẹ? Ìwọ lo ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí òyìnbó, ó sọnù sọ́dọ̀ wọn. Johnson kú ní 1901. Ta ló ṣa àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, tó tún un kọ, títí ó fi jáde ní 1921? Obadiah, àbúrò rẹ̀! Ká ní kò sí àbúrò, kí lò bá rí kà?

(Mo rò pé ayò ti tán níbẹ̀. Làmídì ń fi èékánná họ sẹ̀lótéèpù ẹ̀yìn ìwé rẹ̀.)

LÀMÍDÌ: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òógùn ara rẹ̀ ni Obadiah fi ṣe é. Kò já ti ẹlòmíràn gbà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àyè iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tèmi, Bàbá.

ÀLÀÁJÌ: Ti ta ni? Ti òyìnbó? Ọdún tí o ka ìwé Rodney lórí bí òyìnbó ṣe sọ Áfíríkà di aláìní, o ò jẹ́ ká sùn. Wọ́n ń kó kòkó wa lọ ní hóró, wọ́n ń tà á padà fún wa ní ṣokoléètì. Òní, ìwọ lo ń ṣọ́ géètì wọn.

LÀMÍDÌ: Ìyẹn dùn mí. À ń lọ díẹ̀ nínú kòkó náà níbí báyìí, ilé-iṣẹ́ ò sì jẹ́ tiwa. Mi ò tíì mọ ohun tí màá fi ìyẹn ṣe.

ÀLÀÁJÌ: Tó bá di àmọ́dún, ìwé mìíràn á tún yí ọ. Ta ló fẹ́ gbọ́kàn lé ọ?

LÀMÍDÌ: Ẹ̀rù yẹn ń ba èmi náà. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí.

(Ó yọ ìwé ìkọ̀wé kékeré kan nínú àpò. Ojú ewé kan fún ọdún kan. Orúkọ ìwé ló wà lókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo: ohun tí kò ní í lè ṣe mọ́ látìgbà tó ti kà á. Abẹ́ orúkọ Fanon ṣófo.)

ÀLÀÁJÌ: O ò tíì kọ tibí yìí.

LÀMÍDÌ: Mo bi ara mi pé, tó bá jẹ́ ọmọ bíbí inú mi ló dúró sẹ́nu géètì yẹn ńkọ́? Mi ò rí ìdáhùn.

ÀLÀÁJÌ: Hùn-ún. Aago mẹ́rin lo ní wọ́n ń dé? Ọkọ̀ gbaka wo ló máa gbé ọmọ Èjìgbò yẹn láti Adjamé tó ń gbé nírú aago yẹn?

LÀMÍDÌ: Kó wá máa sùn lọ́dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ ló máa fi rìn dé géètì.

ÀLÀÁJÌ: Ẹ̀n-ẹ́n! Ará Màlí yẹn, ṣé òun náà ní ẹ̀gbọ́n tó ń gbé nítòsí géètì? Ìyẹn kì í ṣe ojúsàájú?

LÀMÍDÌ: Bẹ́ẹ̀dì mi ni, Bàbá. Tèmi nìyẹn.

ÀLÀÁJÌ: Bẹ́ẹ̀dì wo? Ẹní lo ní.